Ta Ló Ni Iwájú Ilé? Àlàyé Nípa Pípáàkì Mọ́tò Ládùúgbò

Ní àwọn àdúgbò tí ilé ń kún sí i lójoojúmọ́ ní Ìlọrin, ní Tánkè, Òkè-Odò, Fátè tàbí Gáà-Àkànbí, ọ̀rọ̀ mọ́tò kì í pẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín aládùúgbò. Ẹnì kan á páàkì, á bá tirẹ̀ lọ. Onílé á jáde, á pariwo: "Ta ló gbé mọ́tò síwájú ilé mi?" Onímọ́tò á dé, á ní títì ìjọba ni, òun kò páàkì sí pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń kọjá á dá sí i, ọ̀rọ̀ á di ariwo, ó sì lè pẹ́ kí ẹni méjì tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín tó tún kí ara wọn.

Ohun tó jẹ́ kí ìjà yìí le ni pé òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Títì ìjọba ni lóòótọ́. Onílé náà sì ní ẹ̀tọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tí ẹ̀tọ́ ọ̀kan ti parí tí ti èkejì bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀, torí pé nǹkan mẹ́ta la máa ń lù pọ̀ mọ́ra: ohun tí òfin sọ, ohun tí àdúgbò fẹnu kò sí, àti ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi dandan mú un. Mo fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ níbí, torí pé ó ń dùn mí bí àwọn èèyàn rere ṣe ń di ọ̀tá lórí àlàfo tí kò ju ibùsùn mọ́tò kan lọ.

Ibi tí ilẹ̀ yín parí sí

Bí ẹ bá ní ilé, ẹ lọ mú ìwé sọ́féè yín jáde. Ẹ máa rí ìlà pupa tó yí ilẹ̀ yín ká, ẹ ó sì rí nọ́ńbà lára àwọn igun rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló wà lára bíkìn, òpó kọnkéré kékeré tí sọ́féyọ̀ rì mọ́lẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà nínú ìlà pupa yẹn nìkan ni tiyín. Láti òde rẹ̀ dé àárín títì, ti gbogbogbò ni: àlàfo tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, gọ́tà, etí títì àti títì fúnra rẹ̀.

Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa bá àwọn ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Ìwé C of O tí a ń lọ gbà, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, tí KW-GIS, iléeṣẹ́ àkọsílẹ̀ ilẹ̀, ń bójú tó ní Kwara lónìí, orí ilẹ̀ tó wà nínú ìlà pupa ni ó dá lé, kò kan àlàfo iwájú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun onílé. Ẹlòmíràn ló fi owó ara rẹ̀ da sílààbù sórí gọ́tà, tó to bíríkì mèremère síwájú géètì, tó gbin òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ dáadáa ni, ó sì ń mú kí àdúgbò lẹ́wà, àmọ́ owó tí a ná sórí ilẹ̀ gbogbogbò kò sọ ọ́ di ti ẹni tó ná an. Àlàfo yẹn ni òpó iná ń gbà, ibẹ̀ ni páìpù omi ń gbà, ibẹ̀ náà sì ni katakátá máa kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ tí ìjọba bá fẹ́ fẹ títì.

Nítorí náà, táyà àtijọ́, òkúta, àga tó ti kán àti ọ̀pá tí a fi síméǹtì gbìn sínú agolo, tí a ń gbé sójú títì kí ẹlòmíràn má bàa páàkì, kò sí òfin kankan lẹ́yìn wọn. Ewu sì ni wọ́n. Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, tí ọlọ́kadà kan kò rí òkúta yẹn, ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló máa dáhùn fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀.

Ẹnu géètì yàtọ̀ sí iwájú fẹ́ǹsì

Ẹ̀tọ́ onílé wà níbí, ó sì lágbára. Ẹnikẹ́ni tí ilé rẹ̀ bá kọjú sí títì ní ẹ̀tọ́ láti wọlé kó sì jáde nígbàkígbà tó bá fẹ́. Ẹni tó bá páàkì sí iwájú fẹ́ǹsì mi kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá páàkì sí ẹnu géètì mi ti tì mí mọ́lé. Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lo Penal Code, òfin ìwà ọ̀daràn ti ìhà Àríwá, òfin náà sì ka dídí ọ̀nà gbogbogbò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìwé ìlànà ojú pópó Nàìjíríà náà sọ pé kí awakọ̀ má páàkì sí ẹnu ọ̀nà ilé àwọn èèyàn.

"Mo kàn fẹ́ ra búrẹ́dì ni" kò yí i padà. "Wọn ò tilẹ̀ ní mọ́tò nílé yẹn" pàápàá kò yí i padà. Ilé tí kò ní mọ́tò lè nílò táńkà omi láàárọ̀ yẹn, ó sì lè ní aboyún tí wọ́n fẹ́ sáré gbé lọ sílé ìwòsàn. Géètì tó ti dípẹtà tí ẹ kò rí kí wọ́n ṣí rí, géètì ni síbẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò kà sí: òdìkejì géètì. Mọ́tò kékeré nílò nǹkan bíi mítà 11 láti yí po tán. Ní títì tóóró, bí ẹ bá páàkì sí òdìkejì géètì ẹnì kan gẹ́lẹ́, ẹ kò dí géètì rẹ̀ lójú yín, àmọ́ bó bá ń fi rífáásì jáde, imú mọ́tò rẹ̀ kò ní ráyè yí. Á máa lọ síwá-sẹ́yìn títí tí yóò fi ha mọ́tò yín. Ẹ sún mọ́tò síwájú díẹ̀, kí ojú géètì méjèèjì ṣófo.

Ìṣirò tó yẹ ká ṣe kí a tó páàkì

Ká sọ pé títì àdúgbò yín fẹ̀ tó mítà 6 láti gọ́tà dé gọ́tà, bí púpọ̀ nínú wọn ṣe rí. Mọ́tò kékeré fẹ̀ tó mítà 1.8. Bí mọ́tò méjì bá páàkì kọjú síra, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n ti gba mítà 3.6. Ó ku 2.4. Ọkọ̀ panápaná fẹ̀ tó mítà 2.5. Kò lè kọjá níbẹ̀. Bí mọ́tò méjèèjì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, mítà 4.2 ló ṣẹ́ kù, panápaná á kọjá, táńkà omi á kọjá, ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀ náà á ráyè rìn.

Mo gbà pé òfin tó yẹ kí gbogbo títì tóóró ní nìyẹn: ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí gbogbo èèyàn máa páàkì sí. Kì í ná àdúgbò ní kọ́bọ̀. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì jákèjádò Nàìjíríà, àmọ́ ìpè kò lè gbé ọkọ̀ panápaná fò kọjá orí mọ́tò yín.

Ibo ni kí mọ́tò kọjú sí? Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún, apá ọ̀tún sì ni kí mọ́tò tó bá máa sùn síta wà, kó kọjú síbi tí àwọn ọkọ̀ apá yẹn kọjú sí. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn mọ́tò ni gíláàsì pupa tó ń tàn padà wà. Bí iná mọ́tò tó ń bọ̀ bá kàn án, awakọ̀ á ti rí i láti ọ̀ọ́kán pé nǹkan kan dúró níbẹ̀. Mọ́tò tó kọjú sódì kò ní pupa yẹn níwájú. Lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò ṣú dùdù, ó lè jẹ́ ìgbà tí ọlọ́kadà bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò tó rí i.

Àwọn ibòmíràn kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ má páàkì sí oríta tàbí kọ́nà, torí ẹni tó ń bọ̀ kò ní rí ẹni tó ń jáde. Ẹ má páàkì sórí afárá, sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tàbí sí ìdí tiransifọ́mà, kí àwọn òṣìṣẹ́ iná lè ráyè ṣiṣẹ́. Sílààbù gọ́tà pàápàá, ẹ fura sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò fi irin tó pọ̀ tó sí, ẹsẹ̀ èèyàn ni wọ́n lè gbà. Lákòókò òjò, ẹ jìnnà sí ibi tí omi ti ń dágún àti etí odò Asà pẹ̀lú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Omi tó dé ìdajì mítà péré ti lè gbé mọ́tò kékeré kúrò nílẹ̀.

Ta ló lè gba owó lọ́wọ́ yín?

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú jù, torí aṣọ oríṣiríṣi ló wà lójú pópó. Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka títì àdúgbò, gọ́tà, iná ojú títì, ọjà, gáréèjì, kíkó ìdọ̀tí àti sísọ títì lórúkọ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin owó orí ti 1998 náà fi owó ìtanràn fún páàkì tí kò tọ́ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, ó ṣe pàtàkì kí ẹ mọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ wà. Ìlọrin pín sí mẹ́ta: Ìwọ̀-Oòrùn, Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù. Tánkè àti Gáà-Àkànbí wà ní Gúúsù, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Fúfù. Adéwọlé wà ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tó ń gbé Tánkè tó mú ẹjọ́ gọ́tà rẹ̀ lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn, ibi tí kò yẹ ló lọ.

Láwọn títì ńlá, KWARTMA ni àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó lílọ bíbọ̀ ọkọ̀, wọ́n sì lè wọ́ mọ́tò tó bá dí ọ̀nà. VIO ló ń wo bóyá mọ́tò dáa fún ojú títì. FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀, wà pàápàá fún àwọn títì ńlá tó wọ ìlú tó sì jáde. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá dá yín dúró, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé ìtanràn. Owó ìtanràn kì í wọ àpò ẹnikẹ́ni. Kwara dá iléeṣẹ́ owó orí rẹ̀, KWIRS, sílẹ̀ lábẹ́ òfin 2015 kí owó ìjọba lè máa wọ àpò ìjọba tààrà. Bí ẹni tó dá yín dúró bá ń yára, tí kò fẹ́ kọ nǹkan kan sílẹ̀, tó ní kí ẹ "ṣe é kó tán níbí", ẹ̀rí wà pé kì í ṣe owó ìjọba ló ń gbà.

Ẹgbẹ́ onílé ńkọ́? Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn ló ń sanwó fún fijilanté, àwọn ló ń tún kòtò títì ṣe, àwọn ló ń dá owó tiransifọ́mà. Àmọ́ wọn kì í ṣe ìjọba. Agbára tí wọ́n ní ni èyí tí àwọn ará àdúgbò fún wọn nípa àdéhùn. Bí wọ́n bá fẹnu kò pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí á máa páàkì sí, tàbí pé aago mọ́kànlá alẹ́ ni géètì àdúgbò yóò máa tì, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ní láti tẹ̀ lé e, ayálégbé náà sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ṣéènì de mọ́tò àlejò kí wọ́n ní kó san owó ìtanràn. Bí ẹ bá ní àlejò tó máa pẹ́ dé, ẹ pe fijilanté ṣáájú, ẹ sọ irú mọ́tò rẹ̀ fún un. Ìpè kékeré yẹn ló ń gba àlejò lọ́wọ́ ìtìjú.

Jímọ́ọ̀, òde àti agboolé

Ìlọrin ní bó ṣe ń gbé. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, àwọn títì tó yí mọ́sálásí ká máa ń kún láti ọ̀sán. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí tó sì ní ibi tó fẹ́ lọ, kó gbé mọ́tò jáde kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀, kó páàkì sí òpin títì. Ẹni tó ń lọ kírun, kó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí ìwé, kó fi síwájú gíláàsì. Àwọn mọ́sálásí tó ti yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń tọ́ka ibi tí a ó páàkì sí ti ran àdúgbò wọn lọ́wọ́ púpọ̀, ó wù mí kí gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀, kí ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣe é lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò sí ẹnikẹ́ni tó yẹ kó jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ kó máa bú àwọn tó ń kírun, kò sì sí ẹni tí ìrun fún láyè láti ti aládùúgbò rẹ̀ mọ́lé.

Ìgbéyàwó àti wòlímọ̀ ń gbé kánópì wá sójú títì. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ onílé àti àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nítòsí gbọ́ ṣáájú. Ẹ lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan tí kánópì máa bo ẹnu rẹ̀, ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún wọn, ẹ má kàn fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ fi ọ̀nà kan sílẹ̀ kí mọ́tò kan lè gbà á.

Ohun tí mo ń sọ bọ̀ yìí wà fún àwọn àdúgbò tí a fi sọ́féè pín. Nínú ìlú àtijọ́, ní Pákátà tàbí Òkèlélé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Gbàgede tó wà láàárín agboolé lè dà bí títì lójú àlejò, àmọ́ ilẹ̀ ìdílé ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìnáwó, ibẹ̀ ni sàréè àwọn bàbá wọn lè wà. Ẹ má fi mọ́tò síbẹ̀ láìkọ́kọ́ kí àgbà ilé kí ẹ sì gba àyè. Ní Ìlọrin, bí èdèkòyédè bá sì le ju àárín ilé méjì lọ, aláńgúá tàbí mágàjí, àwọn olórí àdúgbò nípa ti ìbílẹ̀, ti ń parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá tó di mímọ̀, ìparí tiwọn sì máa ń tọ́jọ́, torí wọ́n mọ ẹbí àwọn méjèèjì.

Bí wọ́n bá ti dí géètì yín ńkọ́?

Ẹ má yọ afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀. Ẹ má fi ìṣó ha á lára. Ìgbà tí ẹ bá ba mọ́tò jẹ́ ni ẹ̀tọ́ á kúrò lọ́wọ́ yín, torí òfin ka bíba ohun ìní ẹlòmíràn jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró lọ́tọ̀. Ẹ ya fọ́tò mọ́tò náà, kí nọ́ńbà rẹ̀ àti géètì yín hàn nínú rẹ̀. Ẹ wo bóyá nọ́ńbà fóònù wà níwájú gíláàsì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà nítòsí, òun ló sábà máa ń mọ ilé tí ẹni náà wọ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, Àlájì. Ẹ má bínú o, mọ́tò yín ló wà lẹ́nu géètì wa, mo sì fẹ́ gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún un díẹ̀." Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré jáde, wọ́n á sì tọrọ àforíjì. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹgbẹ́ onílé ló kàn. Bó bá tún ṣe é, fọ́tò tí ẹ ti yà nígbà mẹ́ta á wúlò fún yín níwájú ọlọ́pàá.

Nínú ọgbà tí ayálégbé mẹ́rin jọ ń lò, tí àyè mọ́tò ibẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé ẹni tó máa kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ ni kó wọlé kẹ́yìn lálẹ́. Bí ìyẹn kò bá bọ́ sí i, kí wọ́n fún ara wọn ní kọ́kọ́rọ́ kejì, tàbí kí wọ́n máa yí àyè ká lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mọ́tò tó ti kú tó ń dúró de mẹkáníìkì láti ọdún tó kọjá kò yẹ kó máa gba àyè ẹni tó ń jáde lójoojúmọ́. Onílé ló yẹ kó sọ̀rọ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ilé tuntun, ẹ má sanwó kí ẹ tó béèrè: àyè mọ́tò mélòó ló wà, ta ló ń lò wọ́n, ṣé ó wà nínú ìwé àdéhùn, aago mélòó ni géètì àdúgbò ń tì, ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ lọ wo ilé náà ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo èèyàn ti dé. Aṣojú tó ń fi ilé hàn yín lọ́sàn-án ń fi ọgbà tó ṣófo hàn yín ni. Bí onílé bá ṣèlérí àyè mọ́tò fún yín, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé kó sì fọwọ́ sí i.